Bí Mo Ṣe Fi Ohùn Àjèjì Jẹun ní Ọ̀fà

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nílé ìwé gíga máa ń wá kí mi ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n á gbé fóònù síwájú mi, wọ́n á ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí èèyàn ṣe ń di olówó nídìí rédíò." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lọ máa ta sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kì í súni, tí èèyàn á fi dàgbà láìmọ̀ pé òun ń dàgbà, kí wọ́n fa àga kí wọ́n jókòó. Ìwọ tó ń ka èyí, tí o kò tíì mọ ohun tí o máa fi ayé rẹ ṣe, fa àga tìrẹ náà. N kì í gé ọ̀rọ̀ kúrú, nítorí ọ̀rọ̀ ni mo fi kọ́ ilé tí mo ń gbé.

Èmi kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Ṣábẹ ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ọ̀pọ̀ yín kàn ń pè ní Kútọnu. Yorùbá ni àwa náà, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Orúkọ ìsàmì mi ni Bẹnadẹ́ẹ̀tì. Múfútáù, awakọ̀ lọ́rì tó máa ń kó ẹrù gba ìlú wa kọjá, ló fẹ́ mi wá sí Ọ̀fà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, Àgùdà ni mí, a kò sì fìgbà kan jà lórí rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ń pè mí ní Alhaja, àwọn mìíràn ń pè mí ní Mummy Ṣábẹ, mo sì ń jẹ́ méjèèjì.

Nígbà tí mo dé, mo mọ Faransé kà, mo mọ Yorùbá sọ, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀fà sì rèé, gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá la ẹnu lọ́jà Ọwọ́dé láti na ọjà, àwọn tó ń tajà á wojú ara wọn. "Ará ibo nìyí?" Wọn kò bú mi o. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ẹ̀rín yẹn sì ń dùn mí ju èébú lọ. Mo wá ń dákẹ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun nílé bàbá mi, mo di ẹni tó ń fi orí dáhùn.

Ẹni tó la ẹnu mi padà ni ọ̀gá mi, Alhaji Jìmọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù rikọ́dù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ń ta rikọ́dù, ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dà wọ́n kọ fún àwọn tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìkéde ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ó ní Pijó ògbólógbòó kan tó di lauspíkà méjì mọ́ lórí. Bí èèyàn bá kú, bí ewúrẹ́ bá sọnù, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún ọmọdé lábẹ́rẹ́, Alhaji á wa Pijó yẹn yí ìlú ká, ohùn rẹ̀ á máa dún láti àdúgbò dé àdúgbò. Ó ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ tó sì lè jókòó ti iṣẹ́. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn: ọkọ mi mú mi lọ, Alhaji wo ìwé tí mo kọ, ó ní kí n wá lọ́la. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó tó ra ọṣẹ.

Ó tó oṣù mẹ́jọ tí n kò fọwọ́ kan máíkì. Mò ń fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, mò ń fi báírò yí rìbọ́nù tó bá tú padà, mo sì ń kọ ìkéde sínú ìwé. Bí mo bá fa igi sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Alhaji á fa ìwé náà ya, á ní kí n tún un kọ láti òkè. Ní ọ̀sán, bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ rẹ̀ dé, èmi á dìde dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde àná, màá máa kà á sókè bó ṣe ń jẹun. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀, mo ń kà á dáadáa. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró nínú àwo, mo ti ṣi nǹkan kà nìyẹn, kò sì ní sọ ibi tí mo ti ṣì í. Èmi ni màá wá a. Ọjọ́ kan wà tí ọbẹ̀ dì níwájú rẹ̀ nítorí orúkọ oyè kan tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ebi ń pa á, ẹkún ń gbọ̀n mí, àwa méjèèjì kò sì gbà fún ara wa.

Mo sunkún lọ sílé ju ìgbà kan lọ. Ọkọ mi á ní, "Ṣé kí n lọ bá bàbá yẹn jà ni?" Mo ní rárá. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, èmi náà sì ti pinnu pé ẹ̀yìn mi kò ní kanlẹ̀.

Ohun tó tóbi jù tí Alhaji kọ́ mi kì í tilẹ̀ ṣe kíkà. A kì í gba ìkéde òkú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mú un wá, a ó bá a padà lọ sílé ọ̀fọ̀, a ó jókòó, a ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, lẹ́yìn náà la ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni àgbà ilé yìí? Ṣé òun ló rán yín? Ta ni kò tíì gbọ́? Ìbéèrè kẹta yìí ni kò fi ṣeré rárá.

"Bẹnadẹ́ẹ̀tì," á sọ, "nínú gbogbo ilé tí èèyàn bá ti kú, ẹnì kan wà tí wọn ò tíì sọ fún. Ó lè jẹ́ ìyá. Ó lè jẹ́ aboyún. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń ṣèdánwò lọ́wọ́. Lauspíkà ò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun. Ìwọ ló yẹ kó o mọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Ọyẹ́ ló gbé mi dé ìdí máíkì. Ọdún yẹn, ikọ́ gbé ohùn Alhaji lọ pátápátá, ìkéde òkú Alhaja kan sì wà nílẹ̀ tí kò lè dúró. Ó fọwọ́ júwe ọkọ̀ fún mi. Mo wọlé, mo mú máíkì, mo kà á láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí dé ọjà. Àwọn èèyàn ń yọjú láti ojú fèrèsé. Wọn kò tíì gbọ́ kí obìnrin túfọ̀ lórí ọkọ̀ rí, ká má tíì sọ obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti Ọ̀fà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàbá mẹ́ta wá bá Alhaji.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alhaji, ṣé kò sọ́mọ Ọ̀fà mọ́ ni, tí àjèjì á fi máa túfọ̀ òkú wa?"

Alhaji fi ohùn tó há dáhùn. "Ọmọ Ọ̀fà tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kéde pé Ìyá Alágbàdo kú, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló kú? Ó rò pé òun mọ gbogbo èèyàn, kò béèrè. Eléyìí ò mọ ẹnì kankan. Gbogbo nǹkan ló ń béèrè."

Àwọn bàbá náà rẹ́rìn-ín, nítorí Ìyá Alágbàdo ti bú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni. Èmi ń fi ẹnu ríran ni, mo ń béèrè títí ó fi ń sú wọn, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù pé obìnrin Ṣábẹ yẹn làwọn fẹ́ kó kà á. Ohùn tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín lọ́jà ni wọ́n ń sanwó fún báyìí. Inú mi dùn, mo sì jẹ́ kó hàn.

Nígbà tí Alhaji darúgbó, ó fi ṣọ́ọ̀bù náà lé mi lọ́wọ́, ó sì kú ní ìrọ̀rùn. Èmi ni mo túfọ̀ rẹ̀. Mo fẹ nǹkan lójú díẹ̀díẹ̀. Mo ra kámẹ́rà fídíò, mò ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Mo lọ ra ààyè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Ílọrin, mo sọ ètò náà ní "Ẹ Kú Ìdájí." Gbogbo Wẹsidé ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ fi kásẹ́ẹ̀tì jíṣẹ́ níbẹ̀. Mo ń ka ìkéde Ọ̀fà, mo ń ka ti Ijagbo àti Ilemona, mo sì ń ka ti Ẹ̀rìn-Ilé pẹ̀lú. Àwọn kan bínú sí ti Ẹ̀rìn-Ilé nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú náà àti Ọ̀fà. Mo sọ fún wọn pé ìlú méjèèjì ni ikú ń wọ̀, pé n kò rí ẹni tó pààlà fún un.

Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, mo ti sin wọ́n ju èèyàn lọ. Kásẹ́ẹ̀tì sin rikọ́dù, sídì sin kásẹ́ẹ̀tì, fóònù sì wá sin gbogbo wọn pa pọ̀. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì tó kún ẹ̀yìn ilé mi, àgbẹ̀ kan láti Ilemona ló wá kó wọn. Ó fa rìbọ́nù inú wọn sórí oko ìrẹsì rẹ̀ láti fi lé ẹyẹ. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ń kọ mọ̀nà lójú oòrùn, mo sì dúró wò ó, nítorí ohùn mi ọdún méjìlá ló wà lórí oko yẹn. Inú bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ẹyẹ kúkú ń gbọ́, mo sì bá tèmi lọ.

Ilé iṣẹ́ rédíò tèmi gan-an ló wá kù. Mo ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìwé àṣẹ ìjọba gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó gba bàtà mẹ́rin, àmọ́ mo rí i gbà. Ohun tí mo wá ṣaláìní ni ilẹ̀ tó ga, tí mo lè ri òpó rédíò mọ́. Ibẹ̀ ni Tíṣà Kóládé ti wọ inú ọ̀rọ̀ mi. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ìdílé wọn ní òkè kékeré kan lọ́nà Ijagbo. Ó bá àbúrò rẹ̀, Dípọ̀, àti àwọn àgbà ilé wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà mí láàyè.

Ó ní, "Mummy Ṣábẹ, ẹ lọ ri òpó yín mọ́lẹ̀, kí màmá mi lè máa gbọ́ yín láìsí kíràkíràkírà."

Màmá Kóládé ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn jáde mọ́, ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju tèmi lọ. Rédíò kékeré kan wà létí ìrọ̀rí wọn, nígbà tí òpó sì dúró, ohùn mi ló ń jí wọn láràárọ̀. N kò tíì rí wọn sójú rí. Tíṣà ló máa ń jíṣẹ́ wọn fún mi, pé màmá ní mo yára kàwé lánàá, pé màmá ní kí n mu omi.

Ọdún tí òpó yẹn dúró ni iṣẹ́ mi dùn jù, ọdún náà ni mo sì ṣe ohun tí n kò ní gbàgbé láyé. Ìkéde ń wọlé lórí Wásáàpù báyìí. Ìwé, fọ́tò, ohun gbogbo, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlànà Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú lọ́wọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo ń lọ sílé ọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, mo ń pè wọ́n lórí fóònù. Nígbà tó tún yá, mo kàn ń kà á. N kò mọ ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀ gan-an. Bí èèyàn ṣe ń di ọ̀gá nìyẹn, tí kò sì sí ẹni tí yóò dá ọwọ́ dúró nínú àwo fún un mọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti wà lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí ìkéde kan wọlé láti Ìbàdàn. Ọmọ-ọmọ kan nínú ìdílé ló fi í ránṣẹ́. Tíṣà Kóládé ti kú. N kò gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe ń nu ojú ni mo ń rò ó pé ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí mo lè fún ọkùnrin yìí ni pé kí n ka ìkéde rẹ̀ bí n kò ṣe ka ti ẹnikẹ́ni rí. Mo mu omi, mo tún ohùn ṣe, mo sì kà á. Mo ka ìyàwó, mo ka ọmọ, mo ka ọmọ-ọmọ. Mo wá kà á pé, "Ó sì fi ìyá arúgbó sílẹ̀." Ẹnu mi ló ti jáde. Etí mi kò gbọ́ ọ.

Orin ìsìn tí mo fi tẹ̀lé ìkéde náà ṣì ń lọ nígbà tí Dípọ̀ pè mí.

"Madam, ta ló ní kẹ́ ẹ kà á?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti..."

"Màmá nìkan ló wà nínú yàrá. Rédíò wà létí wọn. Ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ sọ fún wọn. A ti wá pásítọ̀. A ti ránṣẹ́ pe àbúrò wọn. Ẹ ò bi wá, Madam. Ẹ ò tiẹ̀ bi wá."

Ó pa fóònù. Ẹ̀yin tí kì í ṣe Yorùbá nìkan ni mo lè máa ṣàlàyé fún. Ọmọ ló ń sin ìyá. Bí ó bá wá yí padà, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í jẹ́ kí abiyamọ gbọ́ ọ lójijì. Wọ́n ti ń fi í pamọ́ fún màmá láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní Tíṣà lọ sí Àbújá, wọ́n ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Gbogbo ẹbí tó wà nílé ló mọ̀ pé àṣírí ni. Ọmọ-ọmọ tó wà n'Ìbàdàn ni kò mọ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti mọ̀, n kò béèrè.

Màmá kò sunkún. Wọ́n ní wọ́n kàn pa rédíò náà ni, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn kò sì jẹ, wọn kò sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Àjèjì ṣáà ni. Kò mọ èèwọ̀ wa." Èyí ló dùn mí jù, nítorí irọ́ ni. Ní Ṣábẹ náà, èèwọ̀ kan náà ni. Kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ àjèjì ni mo fi ṣe é. Mo ṣe é nítorí pé mo ti gbọ́n jù. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìdílé dé: kí n hú òpó mi kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí ọjọ́ méje tó pé. Orí òkè yẹn nìkan ni ìwé àṣẹ mi bá mu. Bí òpó bá kúrò, kò sí rédíò, gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń fi báírò yí kásẹ́ẹ̀tì sì parí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo lọ. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Dípọ̀ jáde, kò wojú mi.

"Ẹ dìde, Madam. Ẹ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìjà. Ẹ ṣáà kó òpó yín."

Mo ní, "Òpó kọ́ ni mo bá wá. Màmá ni mo wá bẹ̀."

"Màmá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí ohùn kan jáde láti inú yàrá, ohùn tó ti tán ṣùgbọ́n tí kò gbọ̀n. "Dípọ̀, ẹni tó ń jí mi láràárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Jẹ́ kó wọlé."

Yàrá náà kéré. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Wọ́n ní, "Dìde. Tún un kà fún mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kó o tún un kà. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì kà á láti inú fóònù, omi ń bọ́ lójú mi sórí rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí ní ọjọ́ tó kú. Mo wo Dípọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dípọ̀ ní, "Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí, Màmá."

"Ọjọ́ kọkànlá." Màmá mi orí. "Ìdájí ìdájí ni mo ń gbàdúrà pé kí Olúwa mú un dé láyọ̀ láti Àbújá. Ẹ jókòó tì mí, ẹ ń ṣe àmín. Ẹni tó ti dé, ẹ̀ ń jẹ́ kí n máa gbàdúrà ọ̀nà fún un!" Dípọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé. Màmá wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, o ṣe é burúkú. O jẹ́ kí n gbọ́ ọ lémi nìkan, tí kò sẹ́ni tó máa dì mí mú. Má tún ṣe é fún abiyamọ kankan mọ́."

Mo búra fún wọn.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ. Mi ò ní dé ibẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ rẹ yẹn lè gbé ohùn mi dé ibẹ̀?"

Mo wo Dípọ̀. Dípọ̀ nu ojú rẹ̀, ó sì mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo gbé máíkì lọ sínú yàrá yẹn. N kò ka ìkéde, n kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Màmá Tíṣà Kóládé fẹ́ bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀." Mo sì gbé máíkì sí ẹnu wọn.

"Kóládé, Àkànní, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O kò jáde nílé yìí rí láìdágbére fún mi, láti ìgbà tó o ti ń lọ síléèwé. Èyí tó o ṣe yìí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Mo dárí jì ọ́ pé o ṣáájú mi. Kí ilẹ̀ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Bó o bá rí bàbá rẹ, sọ fún un pé mò ń bọ̀, kó má kánjú. Ó dàárọ̀, Àkànní."

Dípọ̀ ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú fún mi. Àwọn ọlọ́kadà tó gbé èrò wá ti tan rédíò lórí fóònù wọn. Nígbà tí ohùn màmá bẹ̀rẹ̀, pásítọ̀ dá àdúrà dúró. Àwọn tó gbé pósí lọ́wọ́ dúró. Gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbé sókè sí ojú kan náà títí màmá fi parí. Lọ́jà Ọwọ́dé, wọ́n ní kò sẹ́ni tó na ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dípọ̀ wá sí ọ́fíìsì mi, ó gba ìwé tí wọ́n kọ sí mi padà, ó fà á ya sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí, ó sì béèrè bóyá omi tútù wà.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fi ohùn ara wọn sórí afẹ́fẹ́, a sì sọ ọ́ di ètò ojoojúmọ́. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní òkè òkun ń gbọ́ wọn lórí fóònù. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ṣábẹ pàápàá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè wọlé, ará Ọ̀fà sì ń dá wọn lóhùn, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì ní ará ibo ni. Rédíò míì dìde, owó wọn pọ̀ ju tèmi lọ, síbẹ̀ tèmi ni wọ́n ń ṣí láàárọ̀. Mo ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ ka ìkéde òkú láìjẹ́ pé ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ọ̀fọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń darí ibẹ̀ báyìí. Ó le ju Alhaji lọ.

Màmá lo ọdún mẹ́rin sí i. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n á sọ ibi tí mo ti kàwé yára jù láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n sùn, tí wọn kò jí, Dípọ̀ ránṣẹ́ pè mí kí ó tó pe pásítọ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́. Wọ́n ti rí sí i. Ó fún mi ní ìwé ìkéde, mo sì ń kà á sókè fún gbogbo wọn ní pálọ̀ bó ṣe yẹ kí a kà á, kí wọ́n lè tún àṣìṣe ṣe.

Mo dé orí àwọn ọmọ. Dípọ̀ ló ṣáájú. Yẹmisí ló tẹ̀lé e. Orúkọ kẹta ni Bẹnadẹ́ẹ̀tì, Ṣábẹ. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n kọ Fúnmi, àbíkẹ́yìn wọn, sí.

Mo fi ìka sórí orúkọ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe wà níbí."

Dípọ̀ gba ìwé náà, ó wò ó, ó bi mí ní ọdún tí wọ́n bí mi. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Fúnmi fi ọdún mẹ́ta kéré sí yín. Kò sí àṣìṣe kankan. Màmá fúnra wọn ló tò wá bẹ́ẹ̀."

Fúnmi, tó ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀, wò mí láti ibi tó jókòó sí, ó ní, "Ẹ máa kà á lọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kà á lórí afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé orí orúkọ mi, ohùn mi gbọ̀n, mo sì jẹ́ kó gbọ̀n. Ìkéde tí mo kà gbẹ̀yìn kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo dúró láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi, a sì sin ìyá wa.